Sálúbàtà Aláta àti Ọmọ Onídùùrù

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ mọ̀ pé mi ò kì í ṣòfófó: ohun tí mo bá rí ni mo ń sọ, ohun tí mi ò bá rí, mo máa ń bi ẹni tó rí i. Ọmọ onídùùrù tó ń gbé lókè ilé wa ní Torino yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá bi í lọ́sàn-án pé orin wo ló máa lù lálẹ́, á ní òun ò mọ̀. Bí ẹ bá bi í lóru tó bá dé, pé orin wo ló lù, á ní òun ti gbàgbé. Síbẹ̀, wọ́n ń pè é láti Milano, wọ́n ń pè é láti Bologna, wọ́n ń pè é láti Padova. Àwọn tó ń ṣeré tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n á jáde sórí pèpéle, wọ́n á ní kí èrò sọ ọ̀rọ̀ kan, ohun tí èrò bá sọ ni wọ́n á fi ṣeré lójú ẹsẹ̀, òun náà á sì máa fi kíbọ́ọ̀dù bá wọn rìn.

Bí mo ṣe mọ gbogbo èyí kò ṣòro. Irú ilé tiwa yìí pọ̀ ní Torino àti Milano: àgbàlá kan wà láàrín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ onírin yí àjà kọ̀ọ̀kan ká, ẹnu ọ̀nà gbogbo èèyàn ló kọjú sí i. Casa di ringhiera ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá gba yàrá níbẹ̀, tó sì lóun fẹ́ fọ̀rọ̀ pamọ́, ara rẹ̀ ló ń tàn. Ará Abẹ́òkúta ni bàbá ọmọ yìí, ará Padova ni ìyá. Bí wọ́n ṣe pàdé ara wọn, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ títí ìyá àgbà tó wà láàrín wa yìí á fi wọlé lọ sùn.

Ilé ẹ̀kọ́ orin kọ́ ọmọ náà ní ìka, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ ọ ní etí. Ẹ̀yin tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ ohun tí mò ń wí. Pásítọ̀ á máa wàásù, kò ní sọ ibi tó ń lọ fún onídùùrù. Bó bá rẹ ohùn sílẹ̀, dùùrù á rọ̀. Bó bá fẹ́ sunkún, dùùrù á ti sunkún ṣáájú rẹ̀. Tọ́rọ̀ bá wá kan ọrẹ, ẹsẹ̀ orin á yá kíá. Ojú mi ló ṣe, lọ́jọ́ tí pásítọ̀ gbàgbé ibi tó bá ìwàásù dé. Ọmọ yìí kàn fọwọ́ òsì rọra tẹ nǹkan kan báyìí, ìjọ pariwo Halelúyà, pásítọ̀ sì ráyè yojú wo ìwé.

Eré àkọ́kọ́ tí mo lọ wò, yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ọtí ni, ní San Salvario. Olóòtú ní kí èrò dárúkọ ibì kan. Ẹnì kan ní ilé apòògùn. Ó ní kí wọ́n dárúkọ ohun kan. Kí ẹlòmíì tó lanu, mo ti ké pé “Pánla!” Wọ́n ní kí nìyẹn? Mo ní stoccafisso. Ilé dàrú fún ẹ̀rín.

Ẹ̀yin náà ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Ítálì mọ pánla ju bí ẹ ṣe rò lọ. Pietro Querini, oníṣòwò Venezia, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ló bàjẹ́, ó bọ́ sí erékùṣù Røst ní Norway ní 1432, ẹja tí afẹ́fẹ́ gbẹ gbirigbiri tí wọ́n fi bọ́ ọ níbẹ̀ ló wá ròyìn nílé. Títí dòní, Ítálì àti Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń ra pánla Norway jù. Ní Vicenza, kí ẹ tó dé Padova, wàrà àti òróró ólífì ni wọ́n fi ń sè é, kò sí ata rodo ńbẹ̀. Èmi ò sọ nǹkan kan. Ẹni tó ń ta pánla fún gbogbo wa ni aláta ìsàlẹ̀ ilé, tó ń lọ kó ọjà wá láti Porta Palazzo. Obìnrin yẹn jẹ mí ní ogún euro. Láti Àjíǹde! Ojoojúmọ́ la ń kíra, á kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, á bi mí léèrè ọmọ, kò ní dárúkọ owó. Ibo ni mo dé?

Ẹ̀n-ẹ́ẹ̀n, ilé apòògùn. Ọkùnrin kan di apòògùn, èkejì gbé pánla wọlé, ó ní kò rí oorun sùn lóru, kí wọ́n fún un lóògùn. A rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu wọn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọmọ onídùùrù ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló jókòó sí, kò kọjú sí wa, ẹnu àwọn òṣèré ló ń wò. Ó wá fi ìka kan ṣoṣo tẹ ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò sì gbé e kúrò. Gbùùùm. Apòògùn yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó ní, “Ìyá mi ti dé.” Obìnrin kan tó ti dúró lẹ́yìn aṣọ láìrí nǹkan ṣe bá wọlé, ó di ìyá. Ta ló bí ìyá yẹn? Ìka kan ni o.

Ìyá ní òun fẹ́ kọrin. Ó gbé ohùn sókè ju bó ṣe yẹ lọ, ara mi ti ń bù máṣọ fún un, àfi bí ọmọ yìí ṣe kó kọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ bá a níbi tó wà, tí gbogbo ilé rò pé ibẹ̀ gan-an ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kọ́ọ̀dù mẹ́rin péré ló ń yí po, kí obìnrin náà lè ráyè ronú ọ̀rọ̀ tó máa bá ti ìṣáájú ró. Lẹ́yìn ègbè kejì, onídùùrù wo ọmọ tó ń ṣọ́ iná, ọmọ oníná wò ó, ó tẹ kọ́ọ̀dù ìkẹyìn, iná kú, eré parí. Àwọn òṣèré fúnra wọn ò mọ̀ pé ó ti parí. Èrò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ìyá.

Mo bi ọmọ onídùùrù nílé pé ṣé kò dùn ún. Ó ní, “Màmá, tí wọ́n bá ti ń gbọ́ mi jù, mo ti bà á jẹ́ nìyẹn.” Mo ní èmi gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tèmi yàtọ̀. Mi ò mọ bóyá ó yìn mí tàbí ó bú mi.

Owó ńkọ́? Ní irú ilé ọtí bẹ́ẹ̀, fìlà ni wọ́n ń gbé káàkiri tí eré bá tán, ohun tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ni wọ́n ń pín. Nílẹ̀ Yorùbá, tí onílù bá ki ọlọ́jọ́ ìbí dójú àmì, owó á lẹ̀ mọ́ ọn níwájú. Níbí, ẹni tó rẹ́rìn-ín jù ni fìlà kì í bá lórí ìjókòó. Ó ti sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn olórin tó ń bá eré ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fojú wò wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí fíìmù ò tíì lè sọ̀rọ̀, ìlú Torino yìí ni wọ́n ti ṣe Cabiria, ní 1914. Wọ́n ní kí Ildebrando Pizzetti kọ orin tí ẹgbẹ́ olórin á máa lù bí àwòrán bá ṣe ń lọ. Bàbá kọ orin ibi tí iná ti ń jó, ó kó gbogbo ìyókù lé Manlio Mazza, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, lọ́wọ́. Ta lẹ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí nínú àwọn méjèèjì? Ẹ ṣáà máa wò mí.

Òfófó tó dùn jù lọ, Padova ni mo ti gbọ́ ọ, lọ́jọ́ tí ọmọ náà ní kí n bá òun lọ kí ìyá ìyá òun, tí a jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin ju wákàtí mẹ́ta lọ, tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ gba ìjókòó ẹni méjì. Lọ́jọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 1545, ọkùnrin mẹ́jọ lọ bá akọ̀wé òfin ní Padova pé àwọn fẹ́ jọ máa ṣeré káàkiri ìlú. Maffeo, tí wọ́n ń pè ní Zanini, ni olórí wọn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó á wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, èèyàn mẹ́ta á mú ọ̀kọ̀ọ̀kan dání. Ẹni tó bá ṣàìsàn, owó ẹgbẹ́ ni wọ́n á fi tọ́jú rẹ̀. Wọ́n á ra ẹṣin kan tí á máa ru ẹrù. Wọn ò gbọdọ̀ ta káàdì láàrín ara wọn, àfi tó bá jẹ́ oúnjẹ ni wọ́n fi ta á. Ẹ gbọ́ o: èèyàn mẹ́jọ, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá ti dá àjọ rí mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó lọ kọ ìwé yẹn. Kí aláta ìsàlẹ̀ wá gbọ́ sí i.

Padova yìí náà ni wọ́n bí Isabella Andreini sí ní 1562, obìnrin tó ṣe wèrè lórí pèpéle níbi ìgbéyàwó ìdílé Medici ní Firenze ní 1589: ó ń sọ èdè yìí, ó ń fò sí tọ̀hún, ó ń kọrin láàrín rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí Bartolomeo Cristofori sí ní 1655, òun ló ṣe píánò àkọ́kọ́, ní nǹkan bí ọdún 1700, nígbà tí ọmọ ọba Medici ti gbà á síṣẹ́ ní Firenze. Dùùrù tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ o, ẹ gbá a mọ́lẹ̀ o, bákan náà ló ń dún. Ti Cristofori ló mọ̀ bóyá inú ń bí ẹ tàbí o ń bẹ̀bẹ̀. Láìsí ìyẹn, ìka kan kì bá tí bí ìyá kankan ní San Salvario.

Ìyá ìyá ọmọ náà wá ń yangàn, ó ní Padova làwọn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Mo ní, ẹ rọra, Mà. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Clapperton, òyìnbó ará Scotland, wà lálejò Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn eléégún aláré sì ṣeré fún un. Wọ́n gbé ejò ńlá jáde. Nígbà tó yá, òyìnbó kan yọ jáde látinú àpò: ó funfun, ó rù, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń fọwọ́ rawọ́, ó ń tiro bí ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ rí. Gbogbo ìlú ń wo ojú Clapperton bóyá ó dùn mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé. Àlejò náà ò tíì ju bí oṣù kan lọ nílùú, àwọn ọmọ Àyàn àti òṣèré ti mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí! Bàbá Sàlá náà, Moses Olaiya, ẹgbẹ́ olórin ló kọ́kọ́ ní, Federal Rhythm Dandies, níbi tí Sunny Ade ti ta gìtá, kó tó gba ibẹ̀ bọ́ sínú àwàdà. Ìyá ìyá ọmọ náà bù kọfí sí i fún mi, kò tún sọ ti Padova mọ́.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti sálúbàtà. Irú eré tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀ yìí kan wà tí wọ́n fi ń díje, Match ni wọ́n ń pè é. Robert Gravel àti Yvon Leduc ló dá a sílẹ̀ ní Montréal ní 1977, wọ́n fara wé hockey orí yìnyín: ẹgbẹ́ méjì, aṣọ eléré ìdárayá, réfírì tí ojú rẹ̀ le koko. Ó dé Ítálì ní ìparí àwọn ọdún 1980. Wọ́n á fún èrò ní káàdì aláwọ̀ méjì tí wọ́n á fi dìbò, wọ́n á sì fún wọn ní sálúbàtà: tí ìdájọ́ réfírì ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó o sọ ọ́ lù ú. Ẹ gbà mí o! Ìyá Yorùbá, wọ́n fún un ní sálúbàtà, wọ́n tún fún un láṣẹ.

Aláta ìsàlẹ̀ ló tẹ̀ lé mi lọ. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni ọwọ́ yẹn ti tọ́. Réfírì fọn fèrè, ó ní ẹgbẹ́ pupa ṣẹ̀, aláta dìde, ó sọ ọ́. Réfírì bẹ̀rẹ̀, sálúbàtà gba orí rẹ̀ kọjá, ó balẹ̀ sórí kíbọ́ọ̀dù. Pàràù! Ohùn burúkú ló jáde. Gbogbo ilé dákẹ́. Ọmọ onídùùrù ò gbé sálúbàtà náà kúrò. Ó tẹ ohùn burúkú yẹn gan-an lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ òsì ki ẹsẹ̀ sí i nísàlẹ̀, ó di ohun tí èèyàn lè jó sí. Àwọn òṣèré gbà á, wọ́n sọ ọ́ di orin arò fún sálúbàtà tí èkejì rẹ̀ lọ lọ́kọ tó fi í sílẹ̀. Aláta ń jó lórí ìjókòó.

Eré tán, wọ́n gbé ìwé kan wá. Nílẹ̀ yìí, tí wọ́n bá lu orin níwájú èrò, wọ́n máa ń kọ àkọlé rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó ni ín sínú borderò, fún SIAE, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1882, tó ń gba owó fún àwọn tó ni orin. Orin tí kò sí láyé ní aago mẹ́jọ, tó dé ní mẹ́sàn-án, tó ti kú kí mẹ́sàn-án ààbọ̀ tó lù, kí lẹ fẹ́ pè é? Ọmọ náà kọ “Ciabatta”, ìyẹn sálúbàtà. Ó fẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ síwájú rẹ̀ ni aláta di bírò mú. Ó ní ta ló tẹ ohùn àkọ́kọ́? Ọmọ náà ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní láti bá ọkọ̀ ojú irin lọ.” Aláta ní kó máa lọ, kó ṣáà kọ orúkọ òun sí i kó tó lọ. Réfírì bẹ̀ ẹ́, olóòtú bẹ̀ ẹ́, èmi ò bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ọmọ náà kọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti béèrè ogún euro mi, aláta á ní kí n fara balẹ̀, SIAE ò ní pẹ́ sanwó, ibẹ̀ lòun á ti yọ tèmi.