Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Ka Láptọ́ọ̀pù

Ohun tí mo béèrè kò le rárá. Ọmọ mi fẹ́ ṣe JAMB, láti ọdún 2015 sì ni JAMB ti pa ti bébà tì, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn ń ṣe é. Mo ní kí n wá láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan fún un, kó máa fi dánra wò nílé. Mo wá bi àwọn èèyàn pé: èwo ló pọ̀ jù nínú ilé àwọn ará ìlú Ara níbí? Kì í ṣe fáàrí ni mo fẹ́ fi ṣe. Ṣájà ló tètè máa ń kú lára láptọ́ọ̀pù, ẹnu wọn ò sì bára mu. Ti HP rí róbótó, ó ní àwọ̀ búlúù nínú. Ti Lenovo ní igun mẹ́rin, ó rí bí ìyeyè lójú. Bí NEPA bá mú iná wá fún wákàtí kan péré, tí ṣájà tèmi sì ti kú, ta ni mo fẹ́ sáré lọ yá tirẹ̀?

Ẹnjiníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni mo kọ́kọ́ bi. Ó nawọ́ sí òkìtì láptọ́ọ̀pù tó tú ìdí wọn sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. HP, HP, HP. HP ló gba ìlú." Kí n tó dúpẹ́, oníbàárà kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní irọ́ ni, pé àwọn tí kì í ṣe HP ló pọ̀ jù, wọ́n wà nílé olówó wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ni wọn ò ṣe dé ibẹ̀. Òkìtì kan náà, ìdájọ́ méjì, àwọn méjèèjì sì ń pariwo mọ́ra wọn bí ẹni tó ti kà á láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tó bá jókòó sí ọsibítù ka èèyàn, ṣé kò ní sọ pé kò sẹ́ni tí ara rẹ̀ yá mọ́ láyé?

Ọmọ àbúrò mi ní tiẹ̀ ní Apple ni. Yunifásítì aládàáni kan ní Ẹdẹ ló ń lọ. Ó ní nínú kíláàsì àwọn, èso tí wọ́n gé jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló wà lẹ́yìn gbogbo láptọ́ọ̀pù. Mo bi í pé èló ni owó iléèwé wọn, ó ń wo ilẹ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Pólì, ní Ẹdẹ kan náà, búra pé Dell lòun ń rí. Mo wá fara balẹ̀ wo láptọ́ọ̀pù ọmọ àbúrò mi yìí. Etí èso náà ti ń ká sókè. Mo fi èékánná gbé e díẹ̀: sítíkà ni! Àmì HP ló rọra sùn sábẹ́ rẹ̀. Àfi bí ọmọ yìí ṣe gbà á mọ́ mi lọ́wọ́.

Àwọn òyìnbó pàápàá ò bọ́ nínú rẹ̀. Lọ́dún 1982 ni kọ̀ǹpútà Commodore 64 jáde ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sì wọko gbèsè lọ́dún 1994, síbẹ̀ títí dòní wọn ò tíì fẹnu kò lórí iye tó tà. Àwọn kan ní mílíọ̀nù 17, àwọn míì gbé e dé 30. Ọ̀gbẹ́ni kan, Michael Steil, wá lọ ń gba nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí ẹ̀rọ náà jọ, ó tò wọ́n, ó ṣírò wọn, ó ní gbogbo rẹ̀ ò ju bíi mílíọ̀nù 12 àbọ̀ lọ. Èèyàn gidi nìyẹn. Ó yẹ ìdí ẹ̀rọ wò kó tó lanu.

Ìjọba ńkọ́? Nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 2006, wọ́n béèrè bóyá kọ̀ǹpútà wà nínú ilé. Wọn ò béèrè orúkọ rẹ̀. Lọ́dún 2013 ẹ̀wẹ̀, ìjọba Ọ̀ṣun pín kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé girama; ẹni tó bá kà á nígbà náà á ní òun ni gbogbo ìlú fẹ́ràn jù, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó yàn án.

Ẹni tó mọ̀wé jù láàárín wa ló wá dé tòun ti fóònù lọ́wọ́, ó ní wọ́n ti ka ti gbogbo ayé, Lenovo ló ń ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ṣùgbọ́n tuntun tó ń jáde látọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é ni wọ́n ń kà! Tiwa ti lo ọdún bíi mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ọ́fíìsì lókè òkun kó tó wọ kọ̀ntẹ́nà, ó gba Computer Village ní Ìkẹjà, ó gba Òṣogbo, kó tó kàn wá. EliteBook ti HP, Latitude ti Dell, ThinkPad ti Lenovo, èyí tí àwọn ọ́fíìsì ń rà lọ́gọ́ọ̀rọ̀ nìyẹn, tí wọ́n sì ń tà dànù lọ́gọ́ọ̀rọ̀. Ẹ wo kíbọ́ọ̀dù wọn: àmì £ ló jókòó sórí 3. Bí ẹni tó fi Windows sí i bá ṣe é bíi ti Amẹ́ríkà, ẹ ó tẹ @ láti kọ ímeèlì, " ló máa jáde. Akọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò mọ̀ pé Ara wà láyé ló bá wa yan kọ̀ǹpútà, àwa wá ń tìtorí rẹ̀ bú ara wa.

Mo gba Òṣogbo lọ. Mo bi oníṣòwò pé èwo ló ń tà jù. Ó wẹ̀yìn wo pẹpẹ, ó ní, "Dell ni, Bàbá. Dell ló ń tà wàràwàrà." Mo wo pẹpẹ náà. Dell nìkan ló kù níbẹ̀.

Orí fóònù mi lọmọ ṣì ti ń dánra wò báyìí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ìpè ni mo fi ń jẹun. Lánàá, ẹni tó fẹ́ rán aṣọ ẹbí ìgbéyàwó pè mí, ọmọ gé e. Mo ní kí ló dé? Ó ní àkókò ń lọ, Físíìsì lòun wà.