Ọ̀gá Afẹsẹ̀rìn

Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ẹ bá rí i. Bí ọjọ́ Ẹtì bá ti ń lọ sí ìrọ̀lẹ́, bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún kan á gba ọ̀nà Mọníyà já wọ Ìsẹ́yìn, òun ni yóò sì kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Fìlà tó bo ọrùn, bàtà tó ga kọjá kókósẹ̀, ṣòkòtò tó ní àpò níbi orúnkún, ọ̀pá irin méjì lọ́wọ́. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ láti inú àpò ẹ̀yìn rẹ̀ wá sí ẹ̀bá ẹnu, kó lè máa fa omi mu láìdúró. Àwọn ọlọ́kadà wò ó títí. Ọ̀kan ní sójà ni. Èkejì ní rárá, ara àwọn tó ń wa kùsà ni. Kò sẹ́ni tó rò pé fàájì ló bá wá.

Báǹkì ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Èkó, àmọ́ kò fẹ́ ká fi ìyẹn mọ òun. Ohun tó kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí WhatsApp ni pé ọmọ òkè lòun. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí i sí. Switzerland ni ọ̀rọ̀ òkè ti wọ̀ ọ́ lára. Ó bá ìpàdé lọ síbẹ̀, àwọn kan sì mú un rìn fún ọjọ́ kan lójú ọ̀nà tó yí òkè Mont Blanc ká. Ọ̀nà yẹn tó kìlómítà 170, ó la ilẹ̀ Faransé, Ítálì àti Switzerland kọjá, àwọn tó bá sì ń rìn ín á máa sùn láti ilé èrò kan dé òmíràn lórí òkè fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ kan ni tirẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì ìpàdé ló sì padà sùn sí. Síbẹ̀, ó ti ròyìn ọbẹ̀ gbígbóná tí wọ́n ń bù fún èrò lórí òkè náà débi pé ìyàwó rẹ̀ mọ bí iyọ̀ rẹ̀ ṣe tó.

Bó ṣe dé ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìwé tó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ pé ìrìn ẹsẹ̀ ni, láti ilé èrò dé ilé èrò, láàrin àwọn òkè Òkè-Ògùn, ọjọ́ mẹ́ta, òru méjì. Owó tó gbà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo á ra èlùbọ́ tí ìdílé kan ní Ṣakí á máa rò títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi parí. Ẹ wá gbọ́ ibi tí àwọn ilé èrò náà wà. Alẹ́ Ẹtì, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìsẹ́yìn. Alẹ́ Àbámẹ́ta, òtẹ́ẹ̀lì mìíràn, ní Ìsẹ́yìn kan náà. Ẹni tó bá ń rìn jẹ́jẹ́ kò ní lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ láàrin wọn. Bọ́ọ̀sì ló gbé wọn.

Lálẹ́ Ẹtì, wọ́n jókòó sábẹ́ fáànù, ó kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa mí, bí wọ́n á ṣe máa gbẹ́sẹ̀, àti ohun tí wọ́n á ṣe bí wọ́n bá pàdé ejò. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òkè Ẹbẹ́dí wà nínú Ìsẹ́yìn níbẹ̀, òkè tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé tí Wálé Òkédìran dá sílẹ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé ní 2010, tí àwọn èèyàn ń ti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà wá jókòó kọ̀wé níbẹ̀. Ọ̀gá Afẹsẹ̀rìn ti gba ẹ̀gbẹ́ òkè náà kọjá nínú bọ́ọ̀sì. Fóònù ló ń wò, ó ń wá ibi tí òkè wà.

Àárọ̀ Àbámẹ́ta, ó di Àdó-Àwáyè. Ọmọkùnrin Àdó kan tó wọ sílípáàsì ló ṣáájú wọn, ó gbé àpò mẹ́ta, kò sì sí tirẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá ni olùdarí. Ọmọ yìí ló kàn mọ̀nà. Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n kà sí ara òkè Àdó, Ọ̀gá sì ní kí wọ́n jọ máa kà á sókè. Nígbà tí yóò fi di ogóje, òun nìkan kọ́ ló ti dákẹ́, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ní kí gbogbo èrò dúró. Ó ní kì í ṣe pé ó rẹ òun o, kí wọ́n lè fojú jẹun díẹ̀ ni.

Ibi tí wọ́n ti ń fojú jẹun ni àwọn aládùúrà tó ṣe àìsùn lórí òkè ti bá wọn, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Ìyá arúgbó kan tó ru kẹ́ẹ̀gì omi wà lára wọn. Ìyá dúró, ó wo ọ̀pá irin méjèèjì, àánú ṣe é.

“Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ẹsẹ̀ wo ló ń dùn ọ́ nínú méjèèjì?”

“Ẹ ṣé, Mà. Kò sí èyí tó ń dùn mí.”

“Olúwa á gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ìyá kò sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ tó fi gbàdúrà fún un, àdúrà náà kò sì kúrú. Gbogbo èrò ń ṣe àmín. Kí ni Ọ̀gá ì bá ṣe? Òun náà ṣe àmín.

Wọ́n dé orí òkè, wọ́n dé ẹ̀bá adágún Ìyákẹ́. Ọmọ Àdó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí àwọn àgbà ìlú ń sọ: pé omi náà kì í gbẹ, pé kò sẹ́ni tó mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, pé àwọn òyìnbó kan fẹ́ wọn ìjìn rẹ̀ rí, a kò sì rí wọn mọ́. Ọ̀gá já a lẹ́nu. Ó ní irú adágún báyìí kò ju méjì lọ ní gbogbo ayé, Colorado ní Amẹ́ríkà ni èkejì wà. Ẹnu gbogbo èèyàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jáde, èmi ò sì tíì pàdé ẹni tó ka adágún ayé tán. Ọmọ náà yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní àwọn baba ńlá àwọn gbé orí òkè yìí nígbà ogun, torí ẹni tó bá wà lókè á ti rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i. Ó ní nígbà náà, àtẹ̀gùn kankan kò sí, wọ́n gbé arúgbó gùn ún, wọ́n gbé iṣu gùn ún. Ibẹ̀ ló bá a dé tí Ọ̀gá fi ní kó jọ̀ọ́ sún sẹ́yìn díẹ̀, ó ti wọnú fọ́tò.

Fọ́tò yẹn gba àkókò. Ó fẹ́ kí wọ́n ya òun láti ẹ̀yìn, bí ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun, tó dá wà, tó ń ronú. Èrò mẹ́tàdínlógún ló dúró sápá kan kí ó lè dá wà.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ìyá tó ń ta róbó nísàlẹ̀ òkè tà á tán lọ́jọ́ náà. Ọmọ Àdó ńkọ́? Wọ́n fún un ní fìlà tí wọ́n tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣọ òkè. Bàbá kan wà nídìí òfì, òwú nà gbọọrọ lọ síwájú rẹ̀, òkúta ló mú un mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń ju ọ̀kọ̀ láti ọwọ́ kan sí èkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì sinmi nísàlẹ̀. Ọ̀gá gbé fóònù sókè. Ó ní, “Bàbá, ẹ má wò mí o, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.” Bàbá kò wò ó tẹ́lẹ̀. Ó tún ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ju nǹkan yẹn, kí ẹ sì rẹ́rìn-ín.” Bàbá jù ú, kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ wá kan owó. Sányán ni Ọ̀gá fẹ́, nígbà tí wọ́n sì dárúkọ iye rẹ̀, ó gbá àyà mú.

“Há! Aṣọ tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ?”

“A ó rán an pọ̀ ni, Ọ̀gá.”

“Ẹ gba ìdajì.”

Bàbá kò dá a lóhùn. Ó kọjú sí ọmọbìnrin kan láàrin èrò, ó ní, “Ọmọ mi, mo gbọ́ pé ẹ gun òkè Àdó lónìí. Èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín?” Ọmọbìnrin náà kò mọ̀ pé ẹjọ́ ni. Ó dárúkọ ẹ̀.

Ọ̀kọ̀ dúró.

“Kí ẹ lè fi ẹsẹ̀ ara yín rìn?”

Ọ̀gá Afẹsẹ̀rìn san owó sányán pé, láìyọ kọ́bọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, wọ́n yà wo ìsédò Ìkẹ́rẹ́ lórí odò Ògùn, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì forí lé Èkó. Ní ọjọ́ Ajé, ó tiro wọ ibi iṣẹ́, ó wọ ẹ̀rọ agbéniròkè lọ sí àjà kejì, ó sì sọ fún gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ pé bí ara ṣe ń rí nìyẹn béèyàn bá ti òkè dé.

Ó ti fi ìwé ìrìn àjò tó kàn ránṣẹ́ sí èmi náà. Ìdànrè ni, níbi tí àtẹ̀gùn ti lé ní 600. Mo bi í pé àwọn ilé èrò wo ni a ó sùn sí. Ó ní méjì ni, Àkúrẹ́ ni méjèèjì wà, àárín wọn kàn jìnnà díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí n má dààmú, bọ́ọ̀sì ti wà nílẹ̀.