Ìtanràn Igba Náírà

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù kẹrin ọdún 2020, Ilé Aṣojú-ṣòfin Nàìjíríà ka àbádòfin àjàkálẹ̀ àrùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún kà á lẹ́ẹ̀kejì, oòrùn ọjọ́ náà kò tíì wọ̀. Àbádòfin owó-oṣù òṣìṣẹ́ máa ń rákòrò ni, èyí fò.

Wọ́n ní òfin àrùn tó wà nílẹ̀, ti ọdún 1926, ti gbó. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lójú, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn ₦200. Igba náírà! Ọlọ́kadà kò ní fi igba náírà gbé yín láti Ìwó Road dé Challenge n'Ìbàdàn. Yóò kàn wò yín, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Náírà pàápàá kò sí ní 1926. 1973 ló dé. Ká ní arúfin kan wá fún akọ̀wé kóòtù ní ẹgbẹ̀rún kan náírà, tí akọ̀wé ní òun ò ní ṣéńjì ńkọ́? Ṣé kí adájọ́ ní kó lọ rú òfin náà lẹ́ẹ̀mẹrin sí i kí owó lè pé?

Òdo mẹ́ta péré ni wọn ì bá fi kún un, kí wọ́n lọ jẹun. Rárá o, Singapore ni wọ́n gbà lọ. Àwọn tó gbé àbádòfin yìí àti òfin àrùn Singapore sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ẹ̀dà ni, bí ọmọ iléèwé tó jíwèé ẹnìkejì wò, tó da orúkọ onítọ̀hún kọ mọ́ ọn. Nínú ẹ̀dà ọ̀hún, ọ̀gá àgbà NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn, lè pàṣẹ kí wọ́n gúnni ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọlọ́pàá sì lè múni láìgba ìwé àṣẹ kóòtù. Abẹ́rẹ́ wo? Ti Kòrónà kò tíì sí níbì kankan láyé nígbà náà!

Mi ò bá abẹ́rẹ́ jà o. Abẹ́rẹ́ ló lé ṣọ̀pọ̀nná kúrò nílẹ̀ yìí. Ọlọ́pàá ni mò ń wí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kónílé-ó-gbélé nítorí Kòrónà, Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ka èèyàn 18 tí àwọn agbófinró pa. Èèyàn méjìdínlógún! Ẹ̀yin aṣòfin, àwọn wọ̀nyí lẹ tún fẹ́ fún lágbára sí i? Ojú ò tì yín?

Ó ṣe tán, ní oṣù kẹta ọdún náà, olóògbé Abba Kyari, olórí òṣìṣẹ́ Ààrẹ, kọ̀wé sí Olórí Ilé nígbà náà, Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, ó fẹjọ́ sùn pé àwọn aṣòfin kan tó ti òkè òkun dé kò gbà kí wọ́n yẹ àwọn wò ní pápákọ̀ òfurufú. A ò gbọ́ pé ẹnì kankan san ìtanràn. Bó bá jẹ́ owó ló wọ́n wọn, kí wọ́n fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́, màá bá wọn fi igba náírà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́. Báǹkì á sì yọ tiwọn lórí ìkọ̀ọ̀kan. Àwọn olè báǹkì yẹn, ta ló fẹ́ ṣòfin tiwọn?