Bí A Ṣe Ń Fi Ìfẹ́ Gbé Ọ̀rẹ́ Ṣubú: Ìwé Atọ́nà fún Òmùgọ̀ Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ọ̀rẹ́ rẹ ti ìdí dókítà dé. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ ní 160/100. Nọ́ọ̀sì ní kó máa lo oògùn rẹ̀ déédéé, kó dín iyọ̀ kù, kó máa rìn. Ọ̀dọ̀ rẹ ló kọ́kọ́ yà sí láti wá sọ ọ́. Òmùgọ̀ mi ọ̀wọ́n, àyè ṣí sílẹ̀ fún ọ wàyí. Bí o bá ṣe é bó ṣe yẹ, kí oṣù yìí tó parí, ọ̀rẹ́ rẹ á ti padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, á sì tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Àkọ́kọ́, má ṣe jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì dá rìn. Kí ni ọ̀rẹ́ méjì ń wá láàárín Pánṣẹ́kẹ́ àti Kútọ̀ ní ìdájí, láìsí alága, láìsí akápò? Dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Kó gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù rẹ sí i, títí kan ẹni tó ń ta ilẹ̀ àti ìyàwó lánlọ́ọ̀dù. Kọ nọ́ńbà ìfúnpá ọ̀rẹ́ rẹ síbẹ̀ kí wọ́n lè bá a gbàdúrà. Lẹ́yìn náà, ó di ọ̀rọ̀ aṣọ. Ẹ̀gbá kì í ṣe ẹgbẹ́ láìní aṣọ, ọjà àdìrẹ Ìtòkú sì wà nítòsí. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì jiyàn bóyá àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni tàbí kàm̀pálà, bóyá obìnrin á san iye kan náà pẹ̀lú ọkùnrin. Télọ̀ á gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí pé télọ̀ ni. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀. Aṣọ ò tíì dé.

Ọjọ́ tó bá dé, Òkè Olúmọ ni kí ẹ gbé e lọ. Ní 1830, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ àpáta yẹn, ogun ló lé wọn débẹ̀. Kò sẹ́ni tó gùn ún kí ikùn lè fà. Ìwọ mú ẹni tí kò gun àtẹ̀gùn láti ìgbà tó ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, kí o ní kó dé orí òkè láìdúró. Bó bá dúró mí, bú sẹ́rìn-ín, kí o ká a sí fídíò fún gúrúùpù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tiwọn sọ pé ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ti tó àgbàlagbà: ìrìn kánmọ́kánmọ́ tí èèyàn ṣì lè máa sọ̀rọ̀ bó ti ń rìn ín, ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún. Fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá lọ gbọ́ pé ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju kó rìn lọ ra búrẹ́dì kó sì rìn padà, kò ní nílò rẹ mọ́. Ohun tí à ń fẹ́ ni kí eékún rẹ̀ dùn ún di ọjọ́ kẹrin, kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìdárayá kò bá òun lára mu.

Láti abẹ́ àpáta, ẹ kọjú sí búkà láìyà sílé. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Mo fẹ́ràn láfún, n kò ní purọ́, ẹni tó bá sì ní láfún ni àìsàn wa, kó lọ wá ìlú mìíràn gbé. Láfún ò mọ nǹkan kan. Iye tí à ń gbé mì ni, àti ohun tí a dà sọ́bẹ̀. Ìyá oníláfún á ṣí ìkòkò, ooru á bo gíláàsì ojú rẹ̀. Á bu láfún funfun báláú, á yí i róbótó sínú àwo, á da ewédú lé e, á fi ọbẹ̀ ata sí àárín, epo á wá máa rọra fà lọ sí etí àwo. Ọ̀rẹ́ rẹ á rẹ ohùn sílẹ̀: “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹyọ kan tó mi. Ẹ má jẹ́ kí ọbẹ̀ pọ̀.” Ibi tí wọ́n ti ń mọ òmùgọ̀ nìyí. Gbóhùn sókè: “Ìyá, ẹ má dá Bàbá Ìbejì lóhùn o! Ẹ fi mẹ́ta fún un, pọ̀nmọ́ méjì, ṣàkì kan. Èmi ni mò ń sanwó!” Kò wọ́pọ̀ kí Yorùbá kọ oúnjẹ tí ẹlòmíràn ti sanwó rẹ̀ níṣojú èèyàn.

Bó bá ráhùn nípa iyọ̀, tó ní wọ́n sọ fún òun pé ti odindi ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan, ti máàgì àti ti búrẹ́dì pẹ̀lú, pe bàbá àgbà rẹ jáde láti ibojì. Bàbá àgbà jẹ iyọ̀, ó jẹ epo, ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kó tó kú. Má mẹ́nu kàn án pé ẹsẹ̀ ló fi ń lọ oko ní ọ̀nà Òdẹ̀dá tó sì fi ń ru iṣu bọ̀. Má mẹ́nu kan àwọn àbúrò rẹ̀ tó ṣubú lulẹ̀ ní ogójì ọdún ó lé díẹ̀, tí wọ́n ní ayé ló ṣe wọ́n. Bó bá ní omi lòun máa mu, gbé mínírà tútù ka iwájú rẹ̀. Òfin ìṣúná 2021 ti bu náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan irú ohun mímu dídùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ òmìnira lèyí kàn. Ẹ̀gbá tó dá ìjọba ara rẹ̀ ṣe títí di 1914, ṣé mínírà la ó wá máa tọrọ ààyè lé lórí?

Oúnjẹ nìkan kọ́ ni à ń fi gbé ọ̀rẹ́ ṣubú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan á pè ọ́ láti Ọbáńtokò. Taransifọ́mà àdúgbò wọn ti bú gbàmù láti ọjọ́ Ajé, ẹja tí ìyàwó rẹ̀ ń tà ti ń yọ́ nínú fírísà, epo tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ kò sì lè mọ́jú. Má jẹ́ kó sọ ọ́ tán. “Ìwọ tún rí taransifọ́mà tó bú! Tiwa ńkọ́, tí a ò tíì rí rárá?” Bọ́ sí orí wákàtí tí o lò nínú ihò ojú títì Sango. Láti ibẹ̀, bọ́ sórí owó ilé tí wọ́n fi kún, bọ́ sórí ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́. Ìdíje ni, ẹni tí ìyà rẹ̀ bá kéré ni kó dákẹ́. Nígbà tí o bá ti borí, sọ pé “Ọlọ́run á ṣe é”, kí o pa fóònù kíákíá, kó tó rántí pé fírísà wà nílé rẹ ní Ìbarà, pé iná wà níbẹ̀, àti pé òfìfo ni fírísà náà wà láti ọdún Iléyá.

Àwọn ọ̀gá nínú òmùgọ̀ kì í tilẹ̀ bá ni díje. Wọ́n kàn máa ń fi ìwàásù olóhùn gbọọrọ ránṣẹ́, lórí sùúrù.

Mo gbọ́dọ̀ wá kìlọ̀ fún ọ nípa ọmọ Ẹ̀gbá méjì tí ìtàn wọn lè ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Lísàbí Àgbòǹgbò Àkàlà ni àkọ́kọ́. Ọmọ rẹ̀ ni gbogbo wa ń pe ara wa, a sì ń ṣe ọdún rẹ̀. O lè jó níbẹ̀, o lè wọ aṣọ, ohun tó ṣe gan-an ni kí o má bèèrè. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́, ń ni Ẹ̀gbá lára, Lísàbí kò fi ìbọn bẹ̀rẹ̀. Àáró ló fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí gbogbo wa á gbé ọkọ́ dé oko tìrẹ. Lọ́la, oko tèmi. Ọ̀túnla, ti ẹnìkẹta. Ẹni tí kò bá wá sí oko ẹlòmíràn, òun àti èpò oko rẹ̀ ni yóò jọ máa wo ara wọn. Ìtàn ní nígbà tó kan oko Lísàbí ló tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìlàrí ni èpò tòun. Ẹgbẹ́ àáró yẹn ló di Ẹgbẹ́ Olórògùn, àwọn náà ni wọ́n dojú ìlàrí bolẹ̀, tí wọ́n sì ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun tí Ọ̀yọ́ rán wá gbẹ̀san.

Ṣé o rí ewu tó wà níbẹ̀? Ká ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta ní Àdatán gba irú ètò yìí: ọjọ́ Ajé, ẹnu ọ̀nà rẹ la ti ń gbéra, Ọjọ́rú, ẹnu ọ̀nà tèmi, ẹni tí kò bá jáde, a ó kanlẹ̀kùn títí ìyàwó rẹ̀ á fi lé e síta. Èèyàn lè purọ́ fún gúrúùpù, ó lè purọ́ fún dókítà, ṣùgbọ́n ìtìjú àwọn méjì tó dúró dè é nínú ìrì á gbé e dìde. Kò sí àyè kankan fún òmùgọ̀ nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkejì ni dókítà Thomas Adéoyè Lambo, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1923. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àrò ní 1954, kò ti gbogbo alárùn ọpọlọ mọ́lé. Ó fi púpọ̀ nínú wọn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká. Ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa dáná fún un, kó fọ aṣọ rẹ̀, kó mú un lọ gba ìtọ́jú kó sì mú un padà. Ní 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè péjọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì fojú ara wọn rí i. Ìyá tó ń tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ láti abúlé dé ọ̀dọ̀ dókítà kò gba ọmọ náà nímọ̀ràn kankan. Ó kàn ń bá a rìn ni. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá gbọ́ èyí, ó lè ní kí o bá òun lọ sí kílíníìkì lọ́jọ́bọ̀, kí ẹ jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n á fi pe orúkọ rẹ̀. Má gbà. Sọ pé o ti fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́.

Pẹ̀lú gbogbo ìsapá rẹ, ó lè ṣẹlẹ̀ kí ọ̀rẹ́ rẹ má ṣubú. Oṣù díẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ ka 128/82, ikùn ti wọlé, bùbá ti ń fẹ́ lára rẹ̀. Fọkàn balẹ̀. Ohun ìjà kan kù tí kò tíì tàsé rí lágbègbè yìí. Dúró di ọjọ́ tí èrò bá pọ̀, bóyá níbi òkú àgbà kan ní Aké. Dì í mú léjìká, wò ó látòkè délẹ̀, kí o kígbe: “Háà! Bàbá Ìbejì! O mà ti rù o! Ṣé kò sí?” Gbogbo àwọn tó jókòó á yíjú sí i. Ìyá àgbà kan á káwọ́ lérí. Ẹnì kan á bèèrè bóyá iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn á fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti wádìí ohun tí dókítà sọ gan-an. Ìyàwó náà, tí inú rẹ̀ ti ń dùn láti àárọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọkọ rẹ̀ tìfura-tìfura. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ẹbí á ti to láfún mẹ́rin síwájú rẹ̀. Ìwọ ni kí o gbé omi ìfọwọ́ fún un.