Oríkì Afẹ́fẹ́-Ẹlẹ́nu-Ṣóńṣó

Àgbà léyà kan ni mo rà lọ́jà Ìlútítun. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n yòò, kò sí ìyẹ́ kan ṣoṣo nídìí rẹ̀. Mo bèèrè ohun tó ṣe é. Ọlọ́jà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tilẹ̀ dúpẹ́! Wọ́n ti bá yín tu ìlàjì." Ó dáa, màá dúpẹ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ni ó yẹ kó gba ọpẹ́: ìwọ adìyẹ àgíríkì inú kéèjì, tó tú ẹgbẹ́ rẹ síhòòhò kó tó dé ọjà.

Afẹ́fẹ́-Ẹlẹ́nu-Ṣóńṣó, mo júbà!
Wọ́n ní afẹ́fẹ́ á fẹ́ kí a tó rí fùrọ̀ adìyẹ.
Afẹ́fẹ́ wo la tún ń retí, nígbà tí ìwọ wà nílé?
Afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run a máa fẹ́, a máa sinmi.
Ìwọ fẹ́ láàárọ̀, o fẹ́ lọ́sàn-án,
Afẹ́fẹ́ tó fẹ́ tí ewé kò mì,
tó jẹ́ ìdí adìyẹ nìkan ló mọ̀ pé o kọjá.
Ẹyẹ tí kì í yẹ ẹyẹ sí!
A-já-ìyẹ́-má-jáwọ́!
O já ti ìrù, o já ti ẹ̀yìn;
ìyẹ́ lọ, iyì tẹ̀lé e;
ẹ̀jẹ̀ yọ, ìyè náà ń palẹ̀ mọ́.
Olùkọ́ tí kì í gbowó ilé-ìwé:
ẹyọ kan rí pupa, gbogbo ilé ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Wọ́n gẹ̀ ọ́, àbí wọn ò gẹ̀ ọ́? Ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó lo ọdún tó lé ní mẹ́wàá láìrí iná ìjọba, ti ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí Ìlútítun wà sì wà nínú wọn. Ọmọ ènìyàn ń fi àtùpà jẹ púpurú. Ìwọ ni wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ fún, torí léyà ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ bíi wákàtí 16 lóòjọ́ kó tó lè yé dáadáa. Bí gílóòbù bá sì ṣe mọ́lẹ̀ tó ni ìdí ọmọnìkejì rẹ ṣe ń hàn sí ọ tó. Afẹ́fẹ́ tó ń lo iná, ta ni yóò dá ọ dúró?

Mo mọ ibi tí o ti kọ́ṣẹ́. Àwọn baba ńlá rẹ nínú igbó ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ wọn walẹ̀, wọ́n ń wá kòkòrò àti hóró. Ẹnu rẹ kò gbàgbé iṣẹ́ ìdílé. Ilẹ̀ ni kò sí. Irin ni o dúró lé, ààyè tìrẹ nínú ọ̀pọ̀ kéèjì kò sì tó bébà A4 kan. Kí ni ẹnu rẹ yóò wá ṣà, bí kò ṣe ara aládùúgbò?

Ẹ jẹ́ kí n pa ẹ̀fẹ̀ tì díẹ̀. Ìkà ni ìhámọ́ yìí. Ẹni tó há adìyẹ mọ́ irin, tó dín sóyà àti ẹja kù nínú oúnjẹ wọn nítorí ọ̀wọ́n, kò lójú àtigbé irin gbígbóná wá gé wọn lẹ́nu torí pé wọ́n ń já ìyẹ́ ara wọn. Àgógó ẹnu adìyẹ ń mọ ìrora. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ti fòfin de irú kéèjì yẹn láti ọdún 2012. Níbí, ọ̀làjú la ń pè é. Bẹ́ẹ̀ adìyẹ tí kò níyẹ̀ẹ́ lára máa ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí òtútù. Owó tí olówó rẹ̀ ń ṣọ́ náà ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ó tó. Afẹ́fẹ́-Ẹlẹ́nu-Ṣóńṣó, A-já-ìyẹ́-má-jáwọ́, máa gbàdúrà kí olówó rẹ máa ṣahun lọ. Lẹ́búlẹ́bú pákó nílẹ̀, ewé tẹ̀tẹ̀ tí a so kọ́, iná tí kò mọ́lẹ̀ jù, ààyè díẹ̀ sí i: ọjọ́ tó bá pèsè wọ̀nyí, oyè bọ́ nìyẹn, o di adìyẹ lásán.