Ẹlẹ́ṣin Fẹ́ Sọ̀ Kalẹ̀, Ilẹ̀ Dà?

Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí tálákà fi ń tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn nígbà tí ẹlẹ́ṣin bá da eruku sí i lójú. Kò bú u, kò sọ ọ́ lókò. Ó gbé ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́nà, ó ní kò burú, a ó pàdé nísàlẹ̀. Ohun méjì ló dá àwọn tó pa òwe yìí lójú: pé bó pẹ́ bó yá, ẹlẹ́ṣin á sọ̀, àti pé ilẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń dúró de ẹsẹ̀ rẹ̀. Láyé mọ́tò tiwa yìí, n kò mọ èyí tó ṣì dájú nínú méjèèjì.

Ẹ wo Èkó. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọlé, tí gbogbo akọ̀wé tó gba àjẹmọ́nú ń ra mọ́tò, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ di àrùn ìlú náà. Ìjọba bá pàṣẹ: kí ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe é pín sí méjì jáde lónìí, kí èyí tí kò ṣe é pín jáde lọ́la. Wọ́n rò pé ìdajì àwọn ẹlẹ́ṣin á máa wọ mólùẹ́ lójoojúmọ́. Olówó Èkó gbọ́ òfin, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ ra ọkọ̀ kejì tí nọ́ńbà tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó gẹṣin, ẹṣin kejì ló ń bọ́ sí. Òfin tí wọ́n ṣe kí mọ́tò lè dín kù ló wá ń bí mọ́tò.

Àṣà tuntun tó wá dé ni Ọjọ́ Má-Gbé-Mọ́tò-Jáde, tí ọ̀pọ̀ ìlú láyé ń ṣe ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n fẹ́ ṣe é n'Ìbàdàn, ní Dùgbẹ̀, lábẹ́ Kòkó Háúsì, àwòṣífìlà. Mo lè fojú inú rí ìgbìmọ̀ náà láìjẹ́ pé wọ́n pè mí sí i. Alága á gbé jíìpù wá sípàdé, akápò á gbé tirẹ̀, igbákejì alága á pẹ́ dé nítorí pé gosló mú un. Wọ́n á dá fìlà, wọ́n á tẹ orúkọ sára aṣọ, wọ́n á háyà kánópì àti ẹlẹ́rọ gbohùngbohùn, wọ́n á sì gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá kan sẹ́yìn kánópì láti máa tú èéfín nígbà tí Ọlọ́lá Kọmíṣọ́nà bá ń sọ̀rọ̀ nípa afẹ́fẹ́ tó mọ́. Ọlọ́lá fúnra rẹ̀ á dé pẹ̀lú sáírìn, ọkọ̀ mẹ́fà níwájú, mélòó kan lẹ́yìn. Á sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́. Á fẹsẹ̀ rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé abẹ́ kánópì, àwọn oníròyìn á sì ya fọ́tò.

Lọ́wọ́ kan náà, ìyá kan tó ra ọjà l'Ágbeni á dé ibi tí wọ́n ti fi igi dí títì.

“Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ jọ̀ọ́, takisí Mìkírà dà?”

“Kò sí ọkọ̀ lónìí, ìyá. Ìjọba ní kí gbogbo èèyàn máa fẹsẹ̀ rìn.”

“Títí kan èmi náà?”

“Títí kan ẹ̀yin náà, ìyá.”

“Ó dáa. Ẹ wá bá mi gbé e rù.”

Ìyá yìí ò nílò ìgbìmọ̀ kankan láti kọ́ ọ ní ìrìn ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan tí kò tó 200 náírà sáré di nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ mọ́tò ti ń sùn sílé láìsí fìlà, láìsí kánópì. Irú rẹ̀ ṣe àwọn ará Nẹ́dálándì rí, nígbà tí àwọn Lárúbáwá ti ẹnu kànga epo mọ́ wọn ní 1973: lọ́jọ́ Àìkú, kò sí mọ́tò lójú márosẹ̀, kẹ̀kẹ́ làwọn èèyàn ń gùn lórí rẹ̀. Àwa náà kì í ṣe àjòjì sí títì tó ṣófo. Ẹni tó bá rántí Sátidé ìmọ́tótó, tàbí tó ti rí ọjọ́ ìdìbò, mọ̀ pé bọ́ọ̀lù làwọn ọmọ àdúgbò ń gbá níbẹ̀. Wọ́n á to òkúta bíi góòlù. Bí sáírìn bá dún lókèèrè, wọ́n á kó góòlù kúrò kí ẹlẹ́ṣin kọjá.

Ibi tí wọ́n ti ṣe Ọjọ́ Má-Gbé-Mọ́tò-Jáde tó yọrí ni Bogotá, lórílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣáájú rẹ̀. Enrique Peñalosa, tó di méyọ̀ ní 1998, bá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tí àwọn onímọ́tò ti sọ di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ó ri òpó kúkúrú sí etí rẹ̀, ó ní mọ́tò kò gbọdọ̀ gun ibẹ̀ mọ́. Inú bí àwọn ẹlẹ́ṣin, wọ́n fẹ́ yọ ọ́ nípò. Kò yí padà. Ó ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ó ń ṣètò bọ́ọ̀sì TransMilenio tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ìgbà náà ló tó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2000. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ iṣẹ́ gan-an. Bọ́ọ̀sì àti takisí ń ṣiṣẹ́ wọn. Lóṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún ará ìlú láti dìbò lé e lórí, wọ́n sì ní kí ó máa wáyé lọ́dọọdún. Kigali ní Rùwáńdà náà ń ṣe tirẹ̀ láti 2016, lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n sì ń bá àwọn tó wá sáré yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí dáa, àmọ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo fara mọ́ ní tèmi, torí ta ni kò lè fi mọ́tò sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi?

Ẹ wá padà sí Dùgbẹ̀, kí ẹ wá ilẹ̀ tí ẹlẹ́ṣin máa bọ̀. Ibi tó yẹ kó jẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, mọ́tò kan ti gbé táyà méjì lé e. Lẹ́yìn mọ́tò, oníbàtà òkìrìkà ti tẹ́ ọjà rẹ̀, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí ta ló ṣe ṣọ́ọ̀bù fún un? Ìyókù ni gọ́tà, àwọn ibì kan bò, àwọn ibì kan ya ẹnu sílẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ ń bá mọ́tò du ojú títì nítorí pé kò síbòmíràn. Ẹni tó gẹṣin dé ibẹ̀ tó bá fi ìgboyà sọ̀ kalẹ̀, inú gọ́tà ló ń bọ̀.

Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi, kí wọ́n dá owó fìlà padà, kí wọ́n fi ra sìmẹ́ńtì tí wọ́n á fi bo gọ́tà. Kí wọ́n mú ọjọ́ iṣẹ́, kí Mìkírà máa ṣiṣẹ́, kí jíìpù nìkan jókòó sílé. Kí Ọlọ́lá sì gbéra ní Sẹkitéríàtì l'Ágodi láago méje àárọ̀, láìsí oníròyìn, láìsí ẹni tó ń bá a gbé báàgì, kí ó gba abẹ́ afárá Mọ́kọ́lá títí dé Dùgbẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ lọ́nà, kó dá Mìkírà dúró, kí òun àti èrò kejì há ara wọn mọ́ ìjókòó iwájú, kó sì mú ṣéńjì dání.