Òróró Àkàrà Lára Baba Onígèlè Pupa

Jan van Eyck ló kó mi sí wàhálà. Ìlú Bruges ló ń gbé nígbà tó ya ọkùnrin kan tó wé aṣọ pupa mọ́rí. Ó kọ ọ́ sára férémù rẹ̀ pé ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1433 ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ara rẹ̀ ló yà. Ní National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù ni àwòrán náà wà, wọn kì í gbowó ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, ni mo bá pinnu pé òun ni n ó wò kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà olóróró ya ojú ènìyàn.

Àwòrán ọ̀hún kò tóbi: nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 26 ní gíga, 19 ní fífẹ̀. Èmi ra kánfáàsì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo fèrèsé pálọ̀, mo ní ohun tó bá tóbi ló máa rọrùn. Irọ́ ni. Imú tó bá tóbi, wíwọ́ rẹ̀ náà á tóbi. Mo po dúdú mọ́ funfun láti fi ṣe òjìji ẹ̀rẹ̀kẹ́, baba náà di òkú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní, “Ẹ kú ìrọ́jú o.”

Mo pa ojú tì, mo kọjú sí aṣọ pupa. Van Eyck kì í kùn ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń tẹ́ ọ̀dà tó mọ́ gaara lé ara wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ wọlé. Òróró tí wọ́n fi ń po irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ni linseed, tí wọ́n ń fún láti ara èso ọ̀gbọ̀. Tèmi tán lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan tí gbogbo ìsọ̀ ti tì. Mo wọ ilé ìdáná, mo rí gálọ́ọ̀nù òróró ẹ̀pà tí ìyàwó mi fi ń dín àkàrà. Òróró kúkú ni òróró.

Bẹ́ẹ̀, mo ti ka Vasari o! Ará Ítálì yìí kọ ọ́ lọ́dún 1550 pé pátákó tí van Eyck sá sóòrùn ló là, ló fi wá òróró tó ń gbẹ lábẹ́ òjìji kiri, tó sì mú linseed àti walnut. Ó tún ní van Eyck ló dá ọ̀dà olóróró sílẹ̀, àmọ́ àṣìsọ nìyẹn: wọ́n ti rí i nínú ihò àpáta Bamiyan ní Afghanistan, láti nǹkan bí ọ̀rúndún keje. Ti gbígbẹ yẹn ni kò parọ́. Linseed kì í gbẹ bí omi, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà sára títí yóò fi le. Òróró ẹ̀pà kò mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo dúró dè é, kò gbẹ. Mo gbé ẹ̀rọ tí ìyàwó mi fi ń gbẹ irun tì í, eruku gbogbo pálọ̀ bá lẹ̀ mọ́ baba lágbọ̀n.

Ibẹ̀ ni àǹtí ìyàwó mi bá wa, wọ́n ń lọ òde ìgbéyàwó, léèsì funfun báláú lọ́rùn wọn.

“Ta lọkùnrin tó wé gèlè yìí?”

“Mà, kì í ṣe gèlè. Chaperon ni wọ́n ń pè é. Etí rẹ̀ tó yẹ kó máa fì nílẹ̀ ló wé sókè yẹn.”

“Kí ló dé tó fi wé e sókè?”

“Bóyá kó má bàa kan ọ̀dà ni, mà.”

Wọ́n sún mọ́ ọn kí wọ́n lè rí i dáadáa. Nígbà tí wọ́n máa fi yí padà, apá léèsì ti pupa dé ìgúnwọ́.

“Ó gbọ́n jù ẹ́ lọ,” ni wọ́n wí.

Ìyàwó mi sáré dé, ó gbé apá aṣọ náà símú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì rọra yíjú sí mi. “Baálé mi, ṣé òróró mi kọ́ nìyí?”